Ọjọ́ mẹ́ta ní Lisbon: ká bá páákéèjì lọ ni, ká gba gáìdì ni, àbí ká dá rìn?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ Lisbon báyìí. Ẹ̀ẹ̀kìíní, páákéèjì ni mo bá lọ, àwa bíi ogójì nínú bọ́ọ̀sì kan, gáìdì na agboòrùn pupa sókè níwájú, àwa ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀kejì, èmi àti Màámi àti àbúrò mi ọkùnrin la dá lọ, ibi tó bá yẹ ká gba gáìdì a gbà á, ibi tí kò bá yẹ a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn. Àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé èwo ló dáa nínú méjèèjì, pàápàá àwọn tá a jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n rí ọjọ́ mẹ́rin gbà níbi iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ sùn. Mi ò lè máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti sú mi, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀ o. Ibi tí nǹkan bá ti ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni kó wá bá yín tún un sọ. Ibi tí òkúta bá ti dákẹ́ ni kẹ́ ẹ ti sanwó fún gáìdì. Lisbon ní oríṣi ibi méjèèjì, àwọn tó ń ta páákéèjì ò sì fìyàtọ̀ sí i, wọ́n á fún yín ní gáìdì tó ń sọ̀rọ̀ bí rédíò níbi tí ẹ ti lè ka gbogbo ẹ̀ lára ògiri, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ lọ fi ogún ìṣẹ́jú mu kọfí níbi tó yẹ kẹ́nì kan ti ṣàlàyé.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Èkíní ni páákéèjì: ọkọ̀ òfurufú, hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ mẹ́ta, bọ́ọ̀sì, gáìdì, owó kan ṣoṣo. Èkejì, ẹ dá ra tíkẹ́ẹ̀tì yín, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ bá gáìdì ẹlẹ́sẹ̀ rìn fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ Márúwá, bẹ́ẹ̀ ni, Márúwá tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ni, tuk-tuk ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n kùn ún lóríṣiríṣi àwọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ iná mànàmáná ló ń lò nítorí náà kì í pariwo bíi tiwa. Ẹ̀kẹrin, fóònù yín, bàtà yín àti tíráàmù. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dà wọ́n pọ̀, ohun tí èmi fúnra mi máa ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Owó

Páákéèjì máa ń dùn létí torí owó kan ni wọ́n pè, ẹ á rò pé ẹ ti bọ́. Ẹ ò tíì bọ́. Tèmi, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, ìgbà tá a dé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ní ká mú owó orí àlejò wá, yúrò 4 lórí ẹnì kan lálẹ́ kan (yúrò 2 ni tẹ́lẹ̀, September 2024 ni ìlú Lisbon sọ ọ́ di 4, alẹ́ 7 ni wọ́n ń gbà á mọ), alẹ́ mẹ́ta jẹ́ yúrò 12. Owó náà ò pa èèyàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá lọ pàápàá máa san án, àmọ́ ṣebí kí wọ́n sọ fúnni ṣáájú ni. Ọjọ́ kejì a dé ẹnu ọ̀nà Castelo de São Jorge, odi àtijọ́ tó wà lórí òkè, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé máa san tiẹ̀ lọ́tọ̀, "àfikún" ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ àwòrán odi yìí gan-an ló gba gbogbo iwájú ìwé ìpolówó wọn. Àwa tá ò san dúró síta fún wákàtí kan gbáko, à ń ra omi olówó gọbọi mu. Ẹ tún wò ó, ẹni tó bá dá nìkan bá wọn lọ, wọ́n sábà máa ń bu owó yàrá onítiẹ̀ lé e.

Àwa mẹ́ta tá a dá lọ, gbogbo owó tá a ná, pẹ̀lú gáìdì méjì àti Márúwá, kò tó iye tí wọn ì bá gbà lọ́wọ́ àwa mẹ́ta fún páákéèjì. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, mo jókòó nídìí fóònù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i tò, torí náà ẹ bá mi fi ìyẹn kún un, ẹni tí kò ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, owó páákéèjì ló máa fi rà á.

Nǹkan kan wà tí gbogbo yín máa bá pàdé, ẹ̀yin páákéèjì, ẹ̀yin adárìn. Tẹ́ ẹ bá jókòó nílé oúnjẹ, wọ́n á gbé búrẹ́dì, èso ólífì àti wàràkàṣì kékeré síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Kì í ṣe sàárà o! Couvert ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án ẹ ti rà á nìyẹn, tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò, kò síjà níbẹ̀. Gáìdì páákéèjì wa ò mẹ́nu kan án rárá, a sì jẹ ẹ́ ní gbogbo alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gáìdì ẹlẹ́sẹ̀ tá a bá rìn lẹ́ẹ̀kejì, kó tó sọ ohunkóhun nípa ọba àti ogun ló ti kìlọ̀ fún wa.

Ẹsẹ̀ àti orúnkún

Wọ́n ní òkè méje ni Lisbon wà lé lórí, lójú tèmi, ẹni tó ka méje yẹn ò kà á tán. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, calçada lorúkọ ẹ̀, ó rẹwà débi pé ẹsẹ̀ á máa ti èèyàn lójú láti tẹ̀ ẹ́, èyí tó wà ní gbàgede Rossio rí bí ìgbì òkun, àmọ́ kí òjò kán lé e lórí báyìí, ó ti di ọṣẹ. Bàtà onírọ́bà ni kẹ́ ẹ wọ̀. Mo rí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa nígbà páákéèjì tó wọ bàtà gogoro, ọwọ́ méjèèjì ló fi di ògiri mú sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan rò pé torí bọ́ọ̀sì ni páákéèjì fi dáa fún àgbàlagbà. Bọ́ọ̀sì ńlá ò lè wọ Alfama, àdúgbò àtijọ́ tó wà lábẹ́ odi, láéláé, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, àwọn ibòmíràn jẹ́ àtẹ̀gùn lásán. Ìsàlẹ̀ ló máa já yín sí, ẹ̀yin àti òkè lẹ jọ ń bọ̀ wá kojú ara yín. Ó tún wá burú sí i torí ogójì èèyàn ń retí yín, ẹ ò lè ní ẹ fẹ́ simi. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ká ní páákéèjì la bá lọ, inú bọ́ọ̀sì ni wọn ì bá jókòó sí ní ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta.

Márúwá ló gbà wá. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ka owó ẹ̀, kì í ṣe orí èèyàn, nítorí náà àwa mẹ́ta pín in. Ẹ ná an o, ẹ má gbà pé owó tí wọ́n kọ sára pátákó ni òpin. Ọmọkùnrin tá a kọ́kọ́ bá pè é lówó kan, Màámi wo kẹ̀kẹ́ náà yíká, wọ́n wo táyà, wọ́n ní, "Sọ fún un pé mi ò ní kó ta kẹ̀kẹ́ náà fún mi o, kó ṣáà gbé mi gun òkè." Mo túmọ̀ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì já a wálẹ̀. Láàárín wákàtí kan àti díẹ̀ ó gbé wa dé Graça, ó gbé wa dé Senhora do Monte tó jẹ́ pé gbogbo ìlú lẹ máa rí láti ibẹ̀, odi lápá òsì, odò Tejo nísàlẹ̀, afárá pupa tó jìnnà lọ́hùn-ún, ó wá já wa sí Portas do Sol ká lè máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ká má máa gùn ún láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn nìkan tó owó ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má ra Márúwá bíi gáìdì. Ẹ rà á bí ọkọ̀. Ó ń kígbe ìtàn sí wa láti iwájú, afẹ́fẹ́ ń gbé ìdajì lọ, èyí tó kù jẹ́ "that one very old, very old."

Ibi tí owó gáìdì ti tọ́ sí gáìdì

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rossio tó ń jẹ́ São Domingos. Láti ìta kò jọ ohunkóhun, ògiri funfun lásán, ẹ lè kọjá níwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà páákéèjì, ibẹ̀ ni gáìdì wa dúró sí sọ fún wa ibi tí ilé ìtura wà. Òun nìyẹn. A kọjá.

Lẹ́ẹ̀kejì, gáìdì ẹlẹ́sẹ̀ ní ká wọlé, ká má tíì bi òun ní nǹkan kan. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, òrùlé pupa bí amọ̀, àwọn òpó òkúta ńláńlá tó gbé e ró ti là, wọ́n ti bó, etí wọn ti jẹ bí iṣu tí iná mú jù. Màámi lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò bóyá èédú á wà níbẹ̀. Iná ló jó o ní 1959, ìgbà tí wọ́n sì tún un ṣe tí wọ́n ṣí i padà ní 1994, wọn ò pa àpá náà rẹ́, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ti ìsẹ̀lẹ̀ 1755 ṣáájú ìyẹn. Ṣáájú ìyẹn náà, inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ìpakúpa àwọn Júù tí wọ́n ti fipá sọ di Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀ ní April 1506, bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń pa wọ́n kiri ìgboro, òkúta ìrántí tó ní ìràwọ̀ Dáfídì wà níta báyìí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà làwọn èèyàn dúdú ìlú Lisbon, ẹrú àtẹni tó ti gba òmìnira, ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ẹgbẹ́ Ìyá Wa Olú-Rósárì, tí wọ́n fi ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n sì fi ń bá ara wọn jà fún ẹ̀tọ́.

Ẹ ò lè rí ìyẹn lára ògiri. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà àkọ́kọ́, mo sì dúró síwájú ẹ̀.

A jáde, ìta ibẹ̀ ló wá ya Màámi lẹ́nu ju inú lọ, torí gbàgede yẹn làwọn ará Áfíríkà ti máa ń pàdé títí dòní, àwọn ará Guinea-Bissau ló pọ̀ jù, àwọn ọkùnrin dúró ní méjì mẹ́ta ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyá jókòó pẹ̀lú àtẹ kékeré. Màámi tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Obì nìyí!" Obì ni lóòótọ́, wọ́n tò ó sórí aṣọ. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, Màámi ò gbọ́ Potogí, ìyá yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ná an, wọ́n sì rẹ́rìn-ín síra wọn bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Ẹ rántí pé gbàgede yìí kan náà ni ṣọ́ọ̀bù tíńtínní tí wọ́n ti ń ta ginjinha wà, ọtí dídùn tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì ṣe, ife kékeré kan lẹ máa mu ní ìdúró, gbogbo páákéèjì ló máa ń mú èèyàn débẹ̀. Ọtí lẹ máa mu, ẹ ò ní gbọ́ nípa àwọn tó jókòó ní ìsọdá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣọ́ irú gáìdì tẹ́ ẹ máa gbà. Gáìdì kan wà tó jẹ́ pé "àwọn akọni atukọ̀" ni gbogbo ìtàn ẹ̀, Vasco da Gama, ata, góòlù. Òmíràn á sọ fún yín pé nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1550, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé Lisbon, ó tó ẹnì kan tó jẹ́ ẹrú. Á mú yín dé Rua do Poço dos Negros, àdúgbò kọfí àti ilé oúnjẹ ni báyìí, á ní kẹ́ ẹ túmọ̀ orúkọ ẹ̀: kòtò àwọn dúdú. Ọba Manuel Kìíní ló pàṣẹ ní 1515 pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọ́n á máa ju òkú àwọn ẹrú sí, torí gbalasa ni wọ́n ń jù wọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrìn tí gáìdì ti ń sọ ìtàn àwọn èèyàn dúdú ní Lisbon wà lọ́tọ̀, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú "African Lisbon", kì í wọ́n ju èyí tó kù lọ. Ká ní gáìdì kan ṣoṣo ni agbára yín ká, èmi á ní kẹ́ ẹ fi owó yẹn gba èyí.

Fún àwa Yorùbá, kì í ṣe ìtàn ẹlòmíràn. Àwọn Potogí ló fi Lagos pe Èkó, ọ̀rọ̀ wọn ni, ọ̀sà ló túmọ̀ sí, Lagos tiwọn náà wà ní gúúsù Pọ́túgà, ibẹ̀ ni wọ́n já ẹrú 235 sí ní 1444 (ó jìnnà sí Lisbon o, ẹ má fi sínú ọjọ́ mẹ́ta yín). Pereira, Cardoso, da Silva, Salvador, àwọn orúkọ tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ àwọn Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí àwọn baba wọn ti Bràsíìlì padà, orí pátákó ṣọ́ọ̀bù lẹ máa máa kà wọ́n ní Lisbon, oníbàtà, oníṣègùn eyín. Lọ́jọ́ kejì a jókòó jẹun, Màámi ń ka pátákó oúnjẹ, wọ́n dé ibi tí wọ́n kọ feijão sí, wọ́n ní kí n kà á síta, mo kà á, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Frejon ti Good Friday nìyí." Òun náà ni. Ẹ̀wà. Wọn ò kàn fi àgbọn sè é ni, Màámi sì ní ìyẹn ló bà á jẹ́.

Baixa, àárín ìlú, náà gba gáìdì. Ojú lásán á rí òpópónà tó gún régé, á ní ó dáa, á kọjá. Sátidé, November 1, 1755, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ. Ilẹ̀ mì, ilé wó, àbẹ́là dá iná sílẹ̀, àwọn tó sá lọ sétí odò kí ògiri má baà wó lù wọ́n, omi ru wá bá wọn níbẹ̀. Marquês de Pombal tó ń bá ọba ṣèjọba tún gbogbo àárín ìlú kọ́ ní ìlà gbọọrọ, ó pín òpópónà fún oníṣẹ́ ọwọ́, ti alágbẹ̀dẹ góòlù, ti fàdákà, ti aránbàtà, orúkọ wọ̀nyẹn ṣì wà lára ògiri. Inú ògiri náà ló wá kàn: igi ni wọ́n kọ́kọ́ tò pọ̀ bí àgò ẹyẹ, gaiola ni wọ́n ń pè é, kí ilé lè máa mì láìwó. Wọ́n ní wọ́n ní kí àwọn sójà máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ yí àpẹẹrẹ ẹ̀ ká láti dán an wò. Gáìdì wa fi bírò yà á sẹ́yìn rìsíìtì fún wa, àbúrò mi tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì gba rìsíìtì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣì wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Lókè díẹ̀ ni Carmo wà, ṣọ́ọ̀ṣì tí ìsẹ̀lẹ̀ ṣí òrùlé ẹ̀ tí wọn ò bò ó mọ́, ìyẹn sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Gbàgede iwájú ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ làwọn sójà yí ká ní April 25, 1974, Marcelo Caetano tó ń ṣe olórí ìjọba sá sínú bárékè tó wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti gbéjọba sílẹ̀. Ogun tí wọ́n ń jà ní Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau ló sú àwọn ọ̀gá sójà wọ̀nyẹn. Gáìdì páákéèjì wa? Ogún ìṣẹ́jú, kọfí.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè dá lọ

Belém, àdúgbò kan létí odò. Ẹ gba tíráàmù 15E tàbí rélùwéè láti Cais do Sodré, ó parí. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló tóbi, tó funfun, tó ní àkọlé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos, owó ata àti èlò ọbẹ̀ tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Íńdíà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láyé Manuel Kìíní, inú ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tí sàréè Vasco da Gama wà ò gba owó, àgbàlá inú ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á lórí fóònù kẹ́ ẹ má baà jóná nínú oòrùn lórí ìlà. Ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n ń tì í. Ilé ìṣọ́ Belém, wọ́n tì í ní 2025 láti tún un ṣe, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣí i kẹ́ ẹ tó sanwó fún ohunkóhun tó ní í nínú. Ṣọ́ọ̀bù Pastéis de Belém, tí wọ́n ti ń ta kéèkì kékeré oníkọ́sítáàdì, ti wà níbẹ̀ látọdún 1837, ẹ má tò sórí ìlà gígùn ti àwọn tó fẹ́ gbé e lọ, ẹ wọlé tààrà lọ jókòó, yàrá inú pọ̀ bí ilé àwọn alágbára, ẹ bu sínámọ́ọ̀nù lé e kó tó tutù. Mo jẹ mẹ́ta. Ẹ má béèrè iye tí Màámi jẹ.

Páákéèjì wa lo gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan ní Belém pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó wà ní etí, ohun tí gáìdì ń sọ sí mi létí ni mò ń kà lára pátákó níwájú mi.

Tíráàmù 28 náà, ẹ má sanwó fún gáìdì kankan torí ẹ̀. Láti Martim Moniz lẹ ti máa wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, torí tó bá ti di aago mẹ́wàá, ìlà ti yí gbàgede ká, ẹ ó dúró wákàtí kan láti lọ dúró nínú ẹ̀. Àwọn gbéwiri wà nínú ẹ̀ bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀. Àbúrò mi gbé báàgì sẹ́yìn, mo ní gbé e síwájú, ó ní ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lòun, ìgbà tá a máa fi sọ̀ kalẹ̀ síìpù báàgì ti ṣí gbayawu. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣaja fóònù àti sọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀, ẹni yẹn wò ó, kò mú un.

Elevador de Santa Justa, ẹ̀rọ agbéniròkè onírin ti 1902 yẹn, ìlà ẹ̀ kì í tán nígbà tá a lọ, ẹ̀yìn Carmo lẹ lè gbà rìn dé òkè ibẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí àwọn tó tò ń tò láti wò. Ti Elevador da Glória, ọkọ̀ orí irin tó ń gbé èèyàn gun òkè, ẹ̀yin náà ti gbọ́, jàǹbá September 2025 pa èèyàn 16 níbẹ̀, àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣì ń ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má gbé ètò yín lé e.

Alfama wà láàárín méjèèjì. Orúkọ ẹ̀ látinú èdè Lárúbáwá ló ti wá, àwọn Mùsùlùmí Moor ló ni ìlú náà títí Afonso Henriques, ọba Pọ́túgà, fi gbà á ní 1147, ìsẹ̀lẹ̀ 1755 ò sì bà á jẹ́ tó Baixa, ìyẹn ni ọ̀nà ẹ̀ ṣe ṣì lọ́ mọ́ra bí ìfun. Máàpù fóònù á máa yí bíríbírí. Èmi fẹ́ràn kí n sọnù níbẹ̀ láàárọ̀, aṣọ tí wọ́n sá sí fèrèsé, ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò fẹ́ràn kó sọnù, kó gba gáìdì.

Gáìdì "ọ̀fẹ́" àti èyí tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ sílẹ̀

Ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fi sí i lọ́wọ́ níparí ni owó iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń dáa gan-an torí tí kò bá dùn kò ní jẹun, mo gbádùn tèmi. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹ lè tó ọgbọ̀n, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́, wọ́n sì ń yára rìn, Màámi ò lè bá irú ẹ̀ rìn. Ohun tó tún rí mi lára ni àwọn tó máa ń yọ́ lọ, wọ́n á rìn wákàtí méjì àbọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò, tó bá ti ku kọ́nà kan kó parí, ẹ ò ní rí wọn mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, àwa dúdú làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ wò. Èyí tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré bíi mẹ́jọ, òun ni mo gbà fún àgbàlagbà, ẹ lè ní ẹ fẹ́ jókòó, ẹ lè bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀.

Nítorí náà, ìyá ìjọ ogún tí wọ́n fẹ́ lọ pọ̀, páákéèjì ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á dá to ogún èèyàn ń wá wàhálà, ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ wọn pé odi wà nínú owó àbí kò sí. Tọkọtaya tí ara wọn le: ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ìrìn ìtàn àwọn èèyàn dúdú lọ́jọ́ kejì, Belém fúnra yín lọ́jọ́ kẹta tí kì í bá ṣe Mọ́ńdè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú òbí lọ, Márúwá láàárọ̀ ọjọ́ kìíní kí wọ́n lè rí gbogbo ìlú kó tó rẹ̀ wọ́n, gáìdì kékeré kan ní Rossio àti Baixa torí ibẹ̀ tẹ́jú, ìyókù ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó létí odò. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ ìtàn, oòrùn lòun bá lọ, kò nílò ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Páálí ńkọ́? Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò fíísà Schengen, kódà tẹ́ ẹ bá ní ìwé ìgbélùú UK, yúrò 90 ni fún àgbàlagbà láti June 2024, pẹ̀lú ìnsúráǹsì ìrìnàjò tó bo ó kéré tán yúrò 30,000, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó ẹ̀ padà kó tó jáde. Oníwèé UK ò nílò fíísà, àmọ́ láti October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti fọ́tò, ẹ fi àkókò sílẹ̀ ní pápákọ̀ lálọ lábọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, wàràkàṣì àti chouriço (sọ́sééjì wọn) tẹ́ ẹ rà, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, láti April 2025 ni UK ti fòfin de kéèyàn kó ẹran àti wàrà láti Yúróòpù wọlé. A gbàgbé. Orí àga pápákọ̀ Lisbon ni Màámi ti jókòó jẹ wàràkàṣì odindi kan, wọ́n ní àwọn ò lè fi owó àwọn sílẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.